Ọgbà Wáìnì Tiwa: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Agbè Ẹlẹ́mu

Bí ẹ bá lọ sí òde ìgbéyàwó ní Èkó tàbí Ìbàdàn lónìí, ẹ ó rí ìgò wáìnì lórí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ gbé ìgò náà, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n á kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá síbẹ̀, wọ́n á kọ àgbègbè tí wọ́n ti gbin àjàrà rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tún kọ ọdún tí wọ́n ká a. Ní Stellenbosch ní South Africa, àti ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ènìyàn máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ọgbà àjàrà, kí wọ́n lè tọ́ wáìnì wò níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì ra ìgò méjì lọ sílé. Ẹmu tiwa ńkọ́? Inú ike tí ẹnì kan ti mu omi inú rẹ̀ tán ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, ẹ ò mọ oko tó ti wá, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n dá a.

Èmi ò bá wáìnì àjàrà jà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, bí wọ́n ṣe ń sọ oúnjẹ kan di òmíràn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ohun tó ń lọ nínú agbè ẹlẹ́mu yára ju ti inú àgbá wáìnì lọ fíìfíì. Wáìnì àjàrà lè lo oṣù tàbí ọdún kó tó dé ẹnu yín. Ẹmu máa ń yí padà láàárín wákàtí kan sí èkejì. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu gan-an, àfi kó lọ bá a lóko. Kó tó rin ìrìn àjò dé ìgboro, ó ti di nǹkan mìíràn.

Kí ló dé tí àwa náà ò ní ọgbà àjàrà káàkiri? Igi àjàrà fẹ́ràn ibi tí òtútù ti máa ń mú gan-an fún oṣù mélòó kan lọ́dún. Lákòókò òtútù yẹn, ewé rẹ̀ á wọ́ dànù, igi á sinmi. Tí ooru bá dé, gbogbo rẹ̀ á rúwé pọ̀, á sì so pọ̀. Ilẹ̀ wa ò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa sì máa ń mú kí ewé àti èso rẹ̀ bu. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀, ilé rẹ̀ gan-an nìyí. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ló ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí a ń pè ní ẹmu lápapọ̀ pín sí méjì. Èyí tó wá láti ara ọ̀pẹ, igi tó ń so ẹyìn tí a fi ń ṣe epo pupa, ni ẹmu gan-an. Elaeis guineensis ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe igi náà. Èyí tó wá láti ara igi tó ń hù ní àbàtà, tí a ti ń rí ìko, ni ògùrọ̀. Raphia hookeri ni orúkọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìgboro ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ti di "pámì" lẹ́nu wa.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ lọ sí oko ògùrọ̀ kan lẹ́bàá Òkìtìpupa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, omi wà káàkiri, ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá tó ń dá ẹmu níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A kí wọn, wọ́n sì dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹmu lẹ fẹ́ mu, àbí iṣẹ́ lẹ fẹ́ wò?" Mo ní iṣẹ́ la fẹ́ wò ná. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ yìí kì í ná ẹmu mọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àkàbà tí wọ́n fi ọparun ṣe ni wọ́n ń gbé ti igi ògùrọ̀. Ti ọ̀pẹ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: igbà ni ẹlẹ́mu á fi yí ara rẹ̀ àti igi ká, á fẹ̀yìn ti igbà náà, á fi ẹsẹ̀ ti ara igi, á sì máa sún igbà sókè díẹ̀díẹ̀. Tí igbà bá já, ó parí nìyẹn. Ẹ rántí ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952. Bàbá ẹni tó ń sọ ìtàn náà fún un ní oko tó ní 560,000 ọ̀pẹ (ẹ sọ pé ọgbà wáìnì, ìyẹn gan-an ni!), gbogbo wàhálà inú ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tó sì kú. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ìṣubú yẹn kì í ṣe àròsọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Bàbá ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Ọ̀kan ń wa ọ̀kadà, àwọn méjì yòókù wà ní Èkó. Kò sí èyí tó kọ́ iṣẹ́ náà nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ rí jù ni ojú ọgbẹ́ tó wà lórí igi. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Bàbá máa ń fi ọ̀bẹ mímú bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń bó iṣu. Ìdí ni pé ṣúgà tí ewé ṣe máa ń gba inú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lára igi. Tí ẹ bá gé iṣan yẹn, omi aládùn á máa kán jáde, ṣùgbọ́n igi náà á gbìyànjú láti dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ tiwa ṣe máa ń dì tí a bá fara pa. Tí ẹlẹ́mu ò bá tún un gé, omi ò ní kán mọ́.

Igi ògùrọ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀ tó máa ń ká mi lára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún máa kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara, lọ́jọ́ tó bá sì fẹ́ yọ òdòdó, á sọ oúnjẹ náà di ṣúgà, á máa tì í lọ sókè. Lẹ́yìn tó bá so, á kú. Ẹlẹ́mu ní láti mọ àsìkò yẹn. Bàbá fi hàn wá: ewé tuntun tó ń jáde láàárín orí igi á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i. Tó bá tètè gé e jù, omi ò ní pọ̀; tó bá pẹ́ jù, òdòdó ti jẹ ṣúgà náà. Ó ṣe ni láàánú pé igi tí wọ́n bá dá báyìí kì í so èso mọ́. Tí wọ́n bá dá gbogbo igi tó wà nínú àbàtà kan, níbo ni irúgbìn á ti wá? Bàbá ní àwọn máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kó so, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń wá owó kíákíá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ọ̀pẹ, tí ẹlẹ́mu bá gé ibi tó yẹ, igi ò ní kú, ó lè máa dá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ghana, wọ́n sábà máa ń bi ọ̀pẹ náà ṣubú kí wọ́n tó dá ẹmu lára rẹ̀, ọ̀nà tí èmi ò fara mọ́ rárá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ inú agbè.

Omi tó ń kán láti ojú ọgbẹ́ mọ́ gaara bí omi òjò. Ó dùn, nítorí nínú 100 gíráàmù rẹ̀, ṣúgà á tó bíi 10, irú ṣúgà kan náà tí a ń fi sí tíì, ìyẹn sucrose. Kò sí ọtí nínú rẹ̀ rárá. Ta ló wá sọ ọ́ di ọtí? Àwọn àlejò tí a ò fojú rí ni. Afẹ́fẹ́ gbé àwọn kan wá, kòkòrò tí òórùn ṣúgà pè gbé àwọn kan wá, àwọn mìíràn wà lára ọ̀bẹ, ọ̀pọ̀ sì ti ń gbé nínú agbè láti àná. Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá wọ́n máa ń fi ọṣẹ fọ agbè. "Ọṣẹ kẹ̀? Omi la fi ń ṣàn án. Tí mo bá fọ̀ ọ́ mọ́ jù, ẹmu á pẹ́ kó tó jí." Ẹ gbọ́ ìyẹn! Ní láàbù, à ń fowó ra ìwúkàrà láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá ò kàwé nípa rẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ìyókù ẹmu àná ló ń jí tòní.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn àlejò yìí ni yíìsì, tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìwúkàrà. Saccharomyces cerevisiae lorúkọ rẹ̀, òun náà ló ń mú búrẹ́dì wú, òun ló sì ń ṣe bíà àti wáìnì àjàrà. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń yọ ethanol, ìyẹn ọtí gan-an, àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Ẹnì kejì ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Zymomonas mobilis. Nínú pulque, ọtí tí àwọn ará Mexico ń ṣe láti inú omi igi agave, ni ará Jámánì kan, Paul Lindner, ti rí i ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: omi ọ̀pẹ tiwa àti omi agave tiwọn, òkun ló wà láàárín, àlejò kan náà ló ń yà síbẹ̀.

Zymomonas yìí yára gan-an, ìdí rẹ̀ sì pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹ fojú inú wo alábàárù méjì ní ọjà. Wọ́n ń san owó méjì fún ọ̀kan lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń san owó kan péré fún èkejì. Kí ẹnì kejì tó lè jẹun yó bíi ti ẹnì kìíní, ó ní láti ru ẹrù ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú ìwọ̀n ṣúgà kan náà, agbára tí yíìsì ń rí tó ìlọ́po méjì èyí tí Zymomonas ń rí. Nítorí náà, Zymomonas ń jẹ ṣúgà kíákíá kíákíá, ọtí sì ń pọ̀ sí i.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni bakitéríà tó ń mú nǹkan kan, ìbátan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ògì. Mo mú bébà tí a fi ń wọn kíkan dání lọ sí oko náà. Omi tó ń kán láti ojú ọgbẹ́ wà ní bíi 7, bíi omi lásán. Èyí tó ti wà nínú agbè láti alẹ́ wà ní bíi 5. Èyí tí mo gbé sínú ooru títí di ìrọ̀lẹ́ ti wọ 4. Tí nọ́ńbà yìí bá fi 1 lọ sílẹ̀, kíkan ti di ìlọ́po 10 nìyẹn, ẹ sì lè ṣírò ìyókù fúnra yín.

Ẹ má gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Mo ní omi ọ̀pẹ mọ́ gaara, àbí? Kí ló wá sọ ẹmu di funfun bíi wàrà? Àwọn àlejò yẹn náà ni. Yíìsì àti bakitéríà ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ò lè gba àárín wọn kọjá dáadáa mọ́. Ẹ fi ife ẹmu sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yẹn, àwọn ni. Àwọn ènìyàn wa ti ṣiṣẹ́ lórí èyí tipẹ́. Olumbe Bassir ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹmu ṣe ń di ọtí ní 1962, Nduka Okafor náà sì kọ̀wé nípa yíìsì àti bakitéríà inú ẹmu ní àwọn ọdún 1970.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní lítà omi ọ̀pẹ kan ní 100 gíráàmù ṣúgà. Tí yíìsì bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, bí ìdajì á di ethanol, ìdajì yòókù á di carbon dioxide. Ethanol yẹn á mú ẹmu náà ní agbára bíi 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju ti ọ̀pọ̀ bíà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹmu kì í sábà dé ibẹ̀ nítorí àwọn bakitéríà ń bá yíìsì du ṣúgà náà. Carbon dioxide yẹn, nínú ooru ilẹ̀ wa, á gba àyè tó ju lítà 25 lọ. Láti inú lítà kan o! Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹmu wọ bọ́ọ̀sì rí, tí ẹ dé e pinpin, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé tàbí ìko ni ẹlẹ́mu máa ń fi dí ẹnu agbè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ìlera nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ọtí, pé omi aládùn lásán ni. Wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ mu kí ọmú lè sun, àwọn kan ń fún ọmọdé. Agbè tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ti wà lórí igi láti ìrọ̀lẹ́ àná. Gbogbo òru ni yíìsì fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Adùn ṣúgà tó kù ló ń tan ahọ́n jẹ, ọtí ti wà nínú rẹ̀, ọtí tí ìyá bá sì mu máa ń wọ inú omi ọmú. Ọbàtálá pàápàá, nínú ìtàn wa, ẹmu ló mu tó fi sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìdáyé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ẹ̀yin Kegites, ẹ má bínú sí mi.

Tí ẹmu bá pẹ́ sí i, tí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọ inú rẹ̀, àwọn bakitéríà mìíràn, Acetobacter, á gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù. Wọ́n nílò afẹ́fẹ́ oxygen, wọ́n á fi sọ ethanol di ọtí kíkan. Fíríìjì á mú gbogbo wọn lọ́ra, kò lè dá wọn dúró. Ọ̀nà kan láti dá wọn dúró ni kí a fi ooru pa wọ́n, bí Louis Pasteur ṣe ṣe fún wáìnì ní àwọn ọdún 1860. NIFOR, ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 lẹ́bàá ìlú Benin, ti ń ṣe ẹmu inú ìgò, ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì náà sì ti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹmu inú ìgò dà bíi fọ́tò ènìyàn: ẹ ó mọ̀ pé òun ni, àmọ́ kò ní mí.

Àwọn tó ń tà á ní ìgboro mọ̀ pé adùn rẹ̀ ń lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bu omi àti sákárìn mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n kan: yíìsì ò lè jẹ sákárìn. Ẹmu gidi tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ gbọ́dọ̀ ti pàdánù adùn rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kó sì ti máa kan. Tí ẹ bá rí èyí tó wà lórí igbá lọ́sàn-án gangan, tó ṣì dùn rìnrìn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ògógóró, tó jẹ́ ọmọ ògùrọ̀, léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ò bá mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà sí oko tí a lọ yìí. Ojú wọn á kọ́kọ́ fọ́, wọn ò sì ní pẹ́ kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ara wa ń sọ methanol di formic acid, èyí tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Omi ògùrọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ní methanol tó lè ṣe irú ìyẹn. Nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun tí ẹnì kan bù sí i látìta. Bàbá mọ àwọn kan lára àwọn tó kú. Wọn ò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wo oko ẹmu, ẹ wá ẹni tó mọ ẹlẹ́mu àdúgbò, kí ẹ sì ti pé ọdún 18. Ẹ dé ibẹ̀ kó tó di aago méje àárọ̀, nítorí ìgbà náà ni wọ́n ń sọ agbè kalẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ má fi turaré para, àwọn agbọ́n ibẹ̀ fẹ́ràn òórùn dídùn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tọ́ omi ojú ọgbẹ́ wò ná, kí ẹ tó mu èyí tó wà nínú agbè, kí ẹ lè mọ bí òru kan ṣe yí i padà. Ẹ má fọkọ̀ padà fúnra yín. Tí ẹ bá gbé díẹ̀ wálé, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò méjì kéékèèké, ẹ fi bàlúùn dé ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ọ̀kan sínú fíríìjì, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ wú, kí ẹ kọ wákàtí tó gbà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹ ti rí ẹmu náà.